Ìdọ̀bálẹ̀ ní Rolla

Láti ọjọ́ tí àwọn olè ti yọ ọ̀bẹ sí Àmúsà níbi tó ti ń ra ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Industrial Area, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó bá lọ ra ìbọn ìléwọ́ ní kọ̀rọ̀, ó fi há ìbàdí lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé ọ̀ràn ìbọn nílùú Lárúbáwá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ yẹ ìbàdí òun wò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ibùdókọ̀ Rolla, ẹ̀gbọ́n Adébọ́lá yọ láàárín èrò. Òun ló fún Àmúsà ní bedspace, àyè ibùsùn kan nínú yàrá àjùmọ̀gbé, nígbà tó kọ́kọ́ dé. Àmúsà ò tiẹ̀ rò ó. Ẹ̀kọ́ ilé ló gbé e lulẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, sà!"

Ìbọn yọ níbàdí rẹ̀, ó já lu kọnkéré gbàgà, ó yí lọ síwájú bàtà ẹ̀gbọ́n. Èrò figbe ta. Ọlọ́pàá méjì sáré dé. Ọ̀kan kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Ẹ̀gbọ́n Adébọ́lá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Bẹ́ẹ̀ Àmúsà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.