Ẹsẹ̀ Gbọ́njúbọ́lá

Ògiri tó wó ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ti pẹ́ lókè òkun débi pé nígbàkigbà tí mo bá wálé sí Ìrókò, ńṣe ni mo máa ń wo ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka eyín arúgbó, kí n lè mọ èyí tó ṣì wà àti èyí tó ti lọ. Lọ́dún yẹn, nínú ọyẹ́, ògiri ọgbà Sàníù aládùúgbò wa ti ya lulẹ̀, búlọ́ọ̀kù fọ́n ká sórí ewúro tí Mùsílímátù ìyàwó rẹ̀ gbìn. Korola kan dúró níwájú ògiri náà, imú rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Mo mọ mọ́tò náà dáadáa. Ti Àbáyọ̀mí ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí a ti sin. Gbọ́njúbọ́lá, ìyàwó tó fi sílẹ̀ sáyé, ló ń fi kó èrò àti ata láti Ìrókò lọ sí Moniya. Òun ló fi ń tọ́ Ṣeunfúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn.

Gbọ́njúbọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi.

"Ta ló kọ lu ògiri Sàníù?" mo bi í.

"Wọ́n ní èmi ni, Dádì."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wí?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò wọ bàtà. "Mi ò mọ̀ mọ́, sà."

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ìjẹta ọjọ́ tí mo dé, ó sítáàtì mọ́tò láàárọ̀, ó tẹ búrékì, ó fi í sí gíà. Ó ní ẹsẹ̀ òun wà lórí búrékì, pé òun tilẹ̀ ti bọ́ bàtà kí òun lè mọ ohun tí òun ń tẹ̀. Síbẹ̀ mọ́tò fò síwájú bí ẹṣin tí wọ́n nà ní pàṣán. Zubaidah, ọmọ-ọmọ Sàníù, ń já ewúro lẹ́bàá ògiri. Ìyá rẹ̀ àgbà ló rá aṣọ rẹ̀ mú, tó fà á sẹ́yìn, kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó já. Láti ọjọ́ náà, àpò ẹ̀gbọ́n mi ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń gbé.

Ọláníran ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti fi lọ́rì kó iṣu láti Ṣakí wá sí Bódìjà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa lọ́rì, kì í gba ìmọ̀ràn lórí mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún mi tó fi sọ ọ́:

"Dọ̀tun, mọ́tò yẹn ń lọ lọ́la. Roheem ará Moniya ń bọ̀ wá gbé e kí oòrùn tó kan àtàrí."

"Nítorí ògiri, Ẹ̀gbọ́n?"

"Nítorí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó yìí ti wúwo jù. Nígbà tí Àbáyọ̀mí wà láyé, ǹjẹ́ o gbọ́ ariwo mọ́tò yìí rí? Wẹ́rẹ́ ló ń lọ, wẹ́rẹ́ ló ń bọ̀. Ó dọ́wọ́ ìyàwó, ó di kìnnìún. Mọ́tò kan náà kọ́ ni? Ọmọ-ọmọ Sàníù ìbá ti kú. Ṣé kí n máa dúró de èyí tó máa kú ni?"

Mọ́tò ò yí padà, ẹni tó ń wà á ló yí padà. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ létí. Gbọ́njúbọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó jáde. Mo tẹ̀lé e.

"Bí wọ́n bá gbé e lọ, Dádì, mo ń padà sílé àwọn òbí mi ní Alákíà," ló wí fún mi. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Èmi àti Ṣeun. Kí ni mo fẹ́ máa jókòó ṣe níbí, kí n máa ka ewé?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ṣeun ti wà lórí itan ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fa irùngbọ̀n rẹ̀, bàbá ń rẹ́rìn-ín. Àbáyọ̀mí gan-an ni ọmọ yẹn fi ojú jọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì mọ ohun tí yóò bá mọ́tò lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tọrọ kọ́kọ́rọ́.

"Kí n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má fi sí gíà o."

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Háà! Mọ́tò náà ké bí ẹni pé wọ́n tẹ iná mọ́ ọn títí dé ìsàlẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbọ̀n. Mo yọ ẹsẹ̀ mi méjèèjì síta lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo fi wọ́n lé ilẹ̀, mo sì pe Sàníù tó ń wò wá láti inú ọgbà rẹ̀ tí kò ní ògiri mọ́.

"Sàníù, wo ẹsẹ̀ mi! Ta ló ń tẹ tọ́tù?"

Sàníù na ọrùn. "Bàbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí n sáré o. Mi ò ní ògiri tí mo máa sá sẹ́yìn rẹ̀ mọ́."

Kánádà ni mo ń gbé, àmọ́ kò sí ẹni tó kà á sí ní Ìrókò. Gbọ́njúbọ́lá mí kanlẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò mira.

"Ẹ́ńjìnnì wo ni kì í ké láàárọ̀ ọyẹ́? Jẹ́ kó gbóná. Á rọlẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, nítorí náà a dúró. Oòrùn yọ lẹ́yìn igi ọsàn. Mọ́tò ń ké. Ìrì gbẹ lára ewúro. Mọ́tò ń ké. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo okùn irin tó so mọ́ tọ́tù bóyá ó há. Kò há, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo wọ́n omi sí oríkèé gbogbo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́, torí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá lu, ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà bí omi bá kàn án. Ohùn ò yí padà.

"Mẹkáníìkì Moniya náà ṣe gbogbo èyí," Gbọ́njúbọ́lá wí. "Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ gbààwẹ̀."

"Ṣé o gbà á?" Sàníù bi í.

"Mo gbà á. Ebi pa mí, mọ́tò ò dákẹ́."

Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan. Oòrùn ń gun òkè, Roheem ti wà lójú ọ̀nà. Mo dijú, mo kàn ń gbọ́ ohùn yẹn. Ohùn náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Ní ìlú tí mo ń gbé, bí yìnyín bá bolẹ̀, gbogbo mọ́tò àdúgbò ló ń ké bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Lórí ibùsùn ni mo ti ń gbọ́ wọn, tí mo ń rántí ilé. Mọ́tò tí òtútù ń mú ló ń ké bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀!

Mo dìde, mo fọwọ́ gbá rọ́bà òkè mú, èyí tó ń gbé omi láti ẹ́ńjìnnì wá sínú rédíétọ̀. Ó yẹ kí n jáwọ́ kíá kí ó má bàa bó mi. Mo dì í mú, mo dúró tì í. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ.

Mo pa mọ́tò. Mo mú sípánà, mo tú ibi tí rọ́bà náà ti wọ ara ẹ́ńjìnnì, mo sì yọjú wo inú rẹ̀. Ilé wà, onílé ò sí.

"Tẹmosítátì ibí yìí dà?" mo bèèrè. "Irin kékeré tó ń sé ọ̀nà mọ́ omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná?"

Sàníù gbójú sókè bí ẹni ń wá òjò nínú ọyẹ́.

"Èmi ni mo yọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó nà tantan. "Kò sí lọ́rì tí mo wà tí mo fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó jóná. Òyìnbó ṣe é nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Ta ni òtútù ń pa ní Ìrókò?"

"Lọ́rì yín ò ní ọpọlọ, Ẹ̀gbọ́n. Èyí ní in. Bí omi inú rẹ̀ ò bá gbóná, á rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́, á máa bu epo fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi í sí gíà pẹ̀lú agbára yẹn…"

"Ìgbà wo lẹ yọ ọ́, Bàbá?" Gbọ́njúbọ́lá ló bèèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi yí ojú sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ò wò ó. "Lẹ́yìn ìsìnkú. Mi ò fẹ́ kó gbóná jù, kó lọ jóná mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ìwọ nìkan."

Ọjọ́ tí mọ́tò dọ́wọ́ ìyàwó náà ni ọwọ́ bàbá kàn án.

"Ẹ ṣé, sà," ni Gbọ́njúbọ́lá wí. Di òní, mi ò mọ bí ó ṣe ní i lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ. Ó pẹ́. Nígbà tó jáde, agolo mílíìkì kan ló gbé lọ́wọ́, nọ́ọ̀tì àti ìṣó Àbáyọ̀mí ń mì nínú rẹ̀. Ó na irin náà sí mi. Ó ti dípẹtà.

"Bóyá ó ti kú," ló wí. "Bí ó bá ti kú, tó sì sé ọ̀nà pa, ẹ́ńjìnnì á sè mọ́ ọ lórí. Roheem á gbé tirẹ̀ lọ nìyẹn."

A gbọ́dọ̀ sè é kí a tó mọ̀: bí ó bá ṣì yè, omi gbígbóná á mú un lanu. Mùsílímátù ti gbé omi ògì kaná. Mo fi òwú so irin náà, mo ní kó jẹ́ kí n rì í sínú omi.

"Ìkòkò ògì mi!" ló ké. "Ṣé kí n fi iyọ̀ sí i fún yín?"

"Iyọ̀ ńkọ́, ata tún wà nínú búùtù," Sàníù dá a lóhùn.

Ó gbé ìkòkò àlòkù kan wá. A yí iná ká. Irin náà rọ̀ sínú omi, ẹnu rẹ̀ dì pa. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu irin ò yà. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kadà já Roheem sílẹ̀.

"Alàgbà, ẹ kú ilé o! Mo ti dé. Kí lẹ ń sè? Kọ́kọ́rọ́ dà, sà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ mi. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Omi ń hó. Gbọ́njúbọ́lá fa Ṣeun mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi yọ kọ́kọ́rọ́ síta, ó wò ó, ó wo ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́.

"Ó ti lanu!" Zubaidah pariwo.

Bẹ́ẹ̀ ni. Irin náà ń lanu díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ẹyẹ tó gbọ́ ìró ìyá rẹ̀. Mo fà á síta sínú ọyẹ́, ó panu dé. Mo rì í padà, ó tún lanu. Ẹ̀gbọ́n mi dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò.

"Roheem, fi ìdí jókòó," ló wí.

A fọ irin náà, a gé páálí tí a fi dí etí rẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, a dúró kó gbẹ. A rọ omi sí rédíétọ̀ títí kò fi yọ ìfóófòó mọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ké. Ó ké bíi ti àárọ̀ gan-an.

Roheem rẹ́rìn-ín. "Bàbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù, irin yín jinná, ariwo ò lọ."

"Dúró," mo wí. A dúró. Mo gbé ọwọ́ lé rọ́bà, ó tutù. Mo tún gbé e lé e, ó ṣì tutù. Lẹ́yìn náà ohùn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó sunkún títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tí mo tún fọwọ́ kan rọ́bà náà, kíá ni mo jáwọ́. A ti lè gbọ́ ìró adìyẹ nínú ọgbà.

"Ó dákẹ́ lójú kan," Roheem wí. "Ẹ fi sí gíà ká wò ó."

Kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Gbogbo wa ń wo ògiri.

"Ìyá Ṣeun, wọlé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n mi wá rìn yí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká, ó lọ dúró láàárín mọ́tò àti ògiri, lórí ewúro, níbi tí Zubaidah dúró sí lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Dọ̀tun, dákẹ́."

"Bàbá Àbáyọ̀mí, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é!" Sàníù kígbe.

"Tẹ búrékì. Fi sí gíà."

"Bàbá, mi ò lè ṣe é." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíà mú.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tó bá fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ. Ó wò ó lójú láti inú gíláàsì.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò wúwo," ló wí. "Fi sí gíà."

Mo gbọ́ ìró kọ̀ bí gíà ṣe wọlé. Mọ́tò mira díẹ̀, bí ẹni tó yí ara lórí ẹní, ó sì dúró. Kò sún. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò sún. Ó pẹ́ níbẹ̀, títí Gbọ́njúbọ́lá fi yọ gíà tó gbé orí lé sítíà, tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kúrò lórí ewúro, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Roheem, mọ́tò yìí kì í ṣe títà mọ́. Má bínú." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó bí èrò. Mi ò rí i kí ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò rí láyé rẹ̀. "Ìyá Ṣeun, gbé mi dé Moniya, kí n ra sìmẹ́ńtì ògiri Sàníù. Roheem, ìwọ náà wọlé, o ò ní fẹsẹ̀ rìn padà."

Gbọ́njúbọ́lá nu ojú. Ó ti fẹ́ gbéra kí ó tó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ṣeun," ló pè, "bá mi mú bàtà mi wá."