Ohun tí Agẹrun Rò Pé Òun Fi Bí Ọmọ

"Bàbá, ṣé ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìpè mi látọjọ́ yìí?"

Agẹrun kò bojú wẹ̀yìn. Ó rọra yí orí oníbàárà tó ń tòògbé lórí àga sí apá kejì. Inú dígí ló ti rí ọmọbìnrin rẹ̀, oyún níwájú, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Jókòó, Ìyá mi."

"Mi ò wá jókòó. Kí ni dókítà sọ?"

Oníbàárà lajú. "Bàbá, ẹ dá a lóhùn kẹ́ ẹ tó gé mi létí."

Nígbà tíyẹn lọ tán, bàbá ń gbọn aṣọ ìgẹrun ṣáá. Ó ti jáwọ́ nínú ọtí, àmọ́ èyí tó ti mu sẹ́yìn ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti wá rí kókó jẹjẹrẹ níbẹ̀ báyìí. Wọ́n fẹ́ gé e kúrò, kò tíì gbà fún wọn.

"Wọ́n ní jíìnì kan wà, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ ráyè, pé tèmi ti bàjẹ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣebí jíìnì la fi ń bí ọmọ? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ọ́, ìwọ àtẹni tó wà nínú ẹ?"

Ọmọ rẹ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a. "Ìdí tẹ́ ẹ fi ń sá fún mi nìyẹn? Ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Ní ọsibítù, dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn.

"Bàbá, ó yẹ kí n ti là á yé yín dáadáa. Jíìnì yẹn ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, pé, 'Ó tó, má pọ̀ mọ́.' Ó pé pérépéré nígbà tí wọ́n bí yín. A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kò sí àbùkù níbẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ nìkan ni ọtí ti bà á jẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò lè fi ìyẹn bí ọmọ."

"Kò kan ọmọ mi rárá?"

"Kò kàn án. Jíjáwọ́ tẹ́ ẹ sì jáwọ́ nínú ọtí ló jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ yín lè fara da iṣẹ́ abẹ."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ó nu ojú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ bá mi mú ọjọ́ tó bá sún mọ́ jù."

"Ta ló máa tọ́jú yín nílé?"

"Èmi ni," ọmọ rẹ̀ dáhùn.

"Ìyá mi, mi ò fẹ́ dà ẹ́ láàmú."

"Ẹ ti ń dà mí láàmú látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín," ló wí. Ó ki apá bọ apá rẹ̀, wọ́n jọ dìde, kò sì hàn kedere ẹni tó ń gbé ẹnì kejì ró.