Àlìkámà Nínú Ilé Oníbúrẹ́dì

1.

…tó sì fi ọwọ́ tí fúláwà bò dé ìgúnpá gba ìwé náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó kà á. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Baba Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àlìkámà ló fi kọ́lé, òun ló fi fẹ́yàwó. Dókítà wá ní àlìkámà ni ọ̀tá ìyàwó náà.

2. ÌWÉ DÓKÍTÀ

Nǹkan kan wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ gúlútìnì. Òun ló ń ba ìfun rẹ jẹ́.
Má jẹ búrẹ́dì, kéèkì, bisikíìtì, màkàróní.
Jẹ ìrẹsì, àgbàdo, ọ̀dùnkún, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, èso.
Ya ìkòkò àti ṣíbí rẹ sọ́tọ̀. Ẹ̀rún búrẹ́dì lásán lè mú àìsàn náà padà wá.
Títí láé ni.

3.

“Ìwọ ìwé yìí, orí ẹ ò pé,” ni Baba Oníbúrẹ́dì wí.

4.

Ó ti pẹ́ tí inú obìnrin náà ti ń wú bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mì. Bó bá jẹun tán, ilé ìyàgbẹ́ ló ń sáré lọ. Irun rẹ̀ ń já, ara rẹ̀ ń rù. Ó ń sùn lórí ìjókòó. Ọkọ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é: ọ̀lẹ ni.

“Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́,” ló wí. “Kí ló kan búrẹ́dì mi?”

5. LÁRA ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ

ẸNI TÍ KÒ BÁ FẸ́ ÀLÌKÁMÀ
KÓ LỌ GÉ PÁKÓ JẸ.
BÚRẸ́DÌ LÀ Ń TÀ NÍBÍ.

6.

Ìyàwó ra ìkòkò tuntun. Ó so òwú pupa mọ́ etí ìkòkò náà. Ó fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe búrẹ́dì àkọ́kọ́. Ó le bíi bíríkì. Ọkọ gbé e, ó fi gbá tábìlì: kó, kó, kó.

ÌYÀWÓ: Ta ló ń kanlẹ̀kùn?
ỌKỌ: Búrẹ́dì ẹ ni. Ó ní kí n ṣílẹ̀kùn fóun.
ÌYÀWÓ: Ẹ rẹ́rìn-ín tán?
ỌKỌ: Ó kù díẹ̀.
ÌYÀWÓ: Mo sùn mọ́jú lánàá. Inú ò run mí. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.

7. LÓRÍ FÓÒNÙ

Ẹ̀GBỌ́N ÌYÀWÓ: Ara ńkọ́?
ÌYÀWÓ: Ó ń bọ̀ sípò, ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ tó ń bọ́ nídìí mi tẹ́lẹ̀ ti ń dì mọ́ mi.
Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ ẹ ńkọ́?
ÌYÀWÓ: Ó ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Ẹnu lásán ni.

8.

Kì í ṣe ẹnu lásán.

9.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ dúró kí ìyàwó wọlé ìwẹ̀. Ó ṣí ìkòkò olówùú pupa. Ó bu fúláwà ṣíbí kan sínú ọbẹ̀ ẹja, ó rò ó pọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ìyàwó á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, tó bá di alẹ́, òun á sọ fún un, òun á sì fi ìwé dókítà dáná.

Ìyàwó jẹ ẹ́.

“Ọbẹ̀ yìí mà ki dáadáa o.”

Ọkọ fi ife bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

10.

Kó tó di ọ̀sán, ó ń gbọ́ èébì rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń fi èékánná wá nǹkan dì mú lára ògiri. Ẹ̀gàn tó kó sẹ́nu di egungun ẹja. Kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu.

11. LẸ́NU ILẸ̀KÙN

ÌYÀWÓ: Kí lẹ fi sọ́bẹ̀?
ỌKỌ: Ṣíbí kan péré ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.
ÌYÀWÓ: Èmi ni mo sọ fún yín. Ẹlẹ́rìí wo lẹ tún ń wá?

12.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dé pẹ̀lú àpò aṣọ. Ó fi àga dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó. Ó wo Baba Oníbúrẹ́dì látorí délẹ̀, bí ẹni ń wo ohun tí ológbò bì sílẹ̀.

“Ẹ mú ọwọ́ fúláwà yín dúró síta, ọkọ wa.”

13.

Ọkùnrin náà wẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ èékánná títí ó fi fẹ́ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ó ra ọ̀dùnkún, ó jókòó síta, ó bẹ wọ́n, ó kó wọn sínú abọ́ tuntun. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ gbà á láìdìde, ó gbé e fún ẹni tó wà nínú.

“Ta ló bẹ ẹ́?” Ohùn ìyàwó nìyẹn.

“Ọkọ ẹ.”

Láti ìta, ọkọ gbọ́ omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìdérí tó dún gbà, kò sì mọ̀ bóyá ti ìkòkò ni, àbí ti garawa ìdọ̀tí.