Ìyá Ọmọ Ajá Náà Dà?

Nígbà tí ajá bàbá kú, ilé náà dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n yọ ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni bàbá kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ní báyìí, kò rí ju òjìji èèyàn àti ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ló ń gbé. Iyàrá iwájú ni ọmọ náà fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, bàbá a sì máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ajá a máa sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ajá ti lọ, bàbá kò sunkún, àmọ́ lójoojúmọ́ ló ṣì ń na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, bí ẹni tó ń gbàyè fún àlejò. Ọkàn aránṣọ kò gbà á mọ́.

"Bàbá, ṣé kí n wá òmíràn fún yín?"

"Tó o bá rí irú rẹ̀ ni o. Onírun oyin, tí ìran rẹ̀ ò lábùlà. Irú ìyẹn ló máa ń ní sùúrù fún arúgbó."

Aránṣọ gbé fóònù, ó ṣí ojúlé ìtajà kan lórí ayélujára. Kò tíì wá a títí tí ọmọ ajá kan fi yọ sí i. Inú apẹ̀rẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ń dán bí bọ́tìnnì tuntun. Aránṣọ gbàgbé aṣọ oníbàárà sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ó kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, ìyẹn sì fèsì kíákíá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn bí àádùn. Ó ní ìwé ìran ajá náà wà, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti pé, ọ̀nà ló jìn díẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbé e wá. Bí owó bá ti wọlé lónìí, ajá á dé lọ́la.

"Ẹ tètè o, mà. Ẹlòmíràn ti tẹjú mọ́ ọn."

Àtàǹpàkò aránṣọ ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tí ó ń ṣàpèjúwe fọ́tò náà fún bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Ìyá rẹ̀ dà?"

"Ìyá ta ni, Bàbá?"

"Ìyá ọmọ ajá. Ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà sí ìyá ẹ̀. Ìwọ tí o kì í ra aṣọ láì fi ìka méjì ra á wò, ṣé ẹran ẹlẹ́mìí lo fẹ́ rà láfọjú? Èmi tí mo fọ́jú gan-an ò jẹ́ ṣe é."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Ó ní kí ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ajá náà pe òun lórí fídíò, kí òun rí ọmọ àti ìyá. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kámẹ́rà òun ti bàjẹ́. Aránṣọ ní kò burú, kí ó ya fọ́tò mìíràn, kí ó kàn gbé síbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá náà, kí òun lè mọ̀ pé òní ló yà á.

"Ó ń sùn, mà."

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ní kí ẹ gbé síbí sí, mi ò ní kó fi jẹun."

Bí àádùn ṣe di ewúro nìyẹn. Ó ní aránṣọ kò ní ìgbàgbọ́, kò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń ta ajá fún.

Ibì kan wà lórí fóònù tí èèyàn ti lè béèrè ibi tí wọ́n ti rí àwòrán kan rí. Aránṣọ gbé fọ́tò náà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpolówó ló yọ sí i. Apẹ̀rẹ̀ kan náà, ojú bọ́tìnnì kan náà. Níbì kan akọ ni, níbòmíràn abo ni. Opó kan ń tà á, àlùfáà kan ń tà á, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sókè òkun ń tà á. Òmíràn ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ajá náà ì bá ti hu ewú. Aránṣọ ń wò ó, ó ń ronú gbogbo ilé tí wọ́n ti ń dúró de ọmọ ajá yìí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà níbi gbogbo, kò sì sí níbì kankan. Ó ké ọ̀gbẹ́ni náà kúrò lórí fóònù rẹ̀, ó sì fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ojúlé ìtajà náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá dókítà ẹranko tó tọ́jú ajá wọn títí ó fi kú. Dókítà ní, "Ẹni tó bá ní ojúlówó, òun gan-an ló máa da ìbéèrè bò yín." Ó júwe nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì fún un, pé abo ajá rẹ̀ wà nínú oyún.

Lóòótọ́, ìbéèrè ni nọ́ọ̀sì fi kí i lórí fóònù. Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ṣé ọgbà wọn ní géètì? Kí ló pa èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀? Aránṣọ ń dáhùn, ó ń làágùn bí ọkọ ìyàwó níwájú àna. Níkẹyìn, obìnrin náà ní, "Ẹ má tíì sanwó kankan. Ẹ wá rí ìyá wọn ná."

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, nọ́ọ̀sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ká ọwọ́ aṣọ sókè.

"Ẹ bọ́ bàtà, ẹ rọra wọlé. Ó ti ń rọbí."

Iyàrá ẹ̀yìn ni ajá wà, lórí aṣọ ìnura tí wọ́n tẹ́ sínú àpótí gbọọrọ. Irun rẹ̀ pupa bí oyin inú afárá. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aránṣọ sì ń sọ ohun tó ń rí sí i létí.

"Èkíní ti jáde. Ó wà nínú àpò, bí ọ̀rá báyìí. Ìyá ti fa àpò ya. Ó fi eyín gé ìwọ́ rẹ̀, Bàbá, bí mo ṣe ń fi eyín já òwú."

"Ta ló kọ́ ọ?" bàbá béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, bàbá," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Oyún àkọ́kọ́ ẹ̀ rèé. Mo gbẹ̀bí títí mo fi fẹ̀yìn tì, àyà mi ṣì ń já tí mo bá rí i."

Èkejì dé, ó ké. Ẹ̀kẹta dé, kò ké. Ó sùn sílẹ̀ gbalaja bí aṣọ tútù. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìyá ti ṣíwájú rẹ̀. Ó ń lá a, ó ń fi imú yí i síwá sẹ́yìn, ó tún ń lá a. Aránṣọ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Kí ló dé?" bàbá ní. "Kí lẹ dákẹ́ sí?"

Ohùn tíńtín kan ló dá a lóhùn. Ó tín-ín-rín bíi ti ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, ṣùgbọ́n ó dún yí gbogbo ara wọn ká. Omi ń bọ́ lójú aránṣọ, kò nù ún.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ.

"Wọ́n ń lọ síbi ọmú, Bàbá. Ojú wọn dì pinpin."

"Etí wọn náà dì," nọ́ọ̀sì ní. "Wọn ò rí, wọn ò gbọ́."

"Kí ni wọ́n wá fi ń mọ̀nà?"

"Òórùn ìyá, àti ooru ara ẹ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà. "Wọn ò rí, wọn ò gbọ́, wọ́n sì ń débẹ̀. Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá mà pọ̀ o."

Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ. Àmọ́ ìyá fúnra rẹ̀ na ọrùn, ó gbóòórùn ọwọ́ bàbá, ó sì lá a lẹ́ẹ̀kan kó tó padà sídìí ọmọ rẹ̀. Bàbá kò fọ ọwọ́ náà títí wọ́n fi délé.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí àwọn ọmọ fi já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kẹta ni bàbá mú, èyí tí etí rẹ̀ kan ṣẹ́ po, tí kò sì jọ ti inú fọ́tò rárá. Nọ́ọ̀sì kó ìwé ìran àti ti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún wọn, ó ní bí àìlera bá dé tí wọn ò lè tọ́jú ajá náà mọ́, òun ni kí wọ́n dá a padà fún, kí wọ́n má fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ìyá sìn wọ́n dé géètì. Ó gbé imú sára ọmọ rẹ̀ ní àyà bàbá, ó mí kanlẹ̀, ó yí padà wọlé.

Kí wọ́n tó délé, ọmọ ajá ti tọ̀ sí bàbá lára, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a wí.