Ẹ̀gbọ́n Dókítà Oríkèé

Dókítà Oríkèé ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù, nítorí ìka tó wú àti orúnkún tó gan ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni alága nígbà tí àwọn dókítà kóra jọ láti kọ ìlànà ìtọ́jú tí gbogbo ọsibítù ìjọba yóò máa tẹ̀ lé.

Abẹ́rẹ́ tuntun kan wà tó ń dá àrùn oríkèé dúró kíá, àmọ́ ó wọ́n bí ojú. Hóró oògùn àtijọ́ kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń falẹ̀. Dókítà obìnrin kan ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tí àrùn rẹ̀ bá le láti ìbẹ̀rẹ̀ lè gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ta ni kò ní sọ pé tòun le?" ni alága bi í. "Owó abẹ́rẹ́ ẹnìkan á ra hóró fún odidi àdúgbò. Kí wọ́n lo hóró fún oṣù mẹ́fà ná. Ẹni tí hóró ò bá ràn ni ká fún lábẹ́rẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Wọ́n gbà á.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bí ẹyin. Bí dókítà ṣe rí àwòrán egungun ọwọ́ náà, ó mọ̀ pé àrùn yìí kò ní dúró de hóró. Síbẹ̀, hóró ló kọ fún un.

"Ẹ fi owó ara yín ra abẹ́rẹ́ náà fún wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Agbára wa ká a."

"Kí wọ́n lè sọ pé mo ṣòfin fún ọmọ ẹlòmíràn, mo wá yọ ọmọ ìyá tèmi sílẹ̀?"

"Ẹnu ayé lẹ wá ń tọ́jú, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín."

Dókítà ò rà á. Ìka ń wọ́, àlùmọ́gàjí ń bọ́ lọ́wọ́ télọ̀, àwọn oníbàárà ń yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ìrora lọ bí ẹni pé kò wá rí. Àmọ́ ìka tó ti wọ́ kò nà mọ́.

Ó wá bá àbúrò rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Ṣé o mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yìí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ní kí ẹ dúró. Kí oògùn lè kárí ni."

Télọ̀ mi orí. "Ó kárí lóòótọ́. Èmi ni kò kàn."

Ó dìde, ó na àyà síwájú. "Bá mi de bọ́tìnnì ẹ̀wù yìí kí n máa lọ."

Dókítà tẹrí ba, ó ń dè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo àjà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, dókítà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí àrùn wọn le. Akápò ìgbìmọ̀ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé àpò ìjọba ò gbé e. Dókítà wá ibi tí ọkùnrin náà ti ṣìṣe, kò rí i. Ìyẹn gan-an ló korò jù lọ́fun rẹ̀.