Orúkọ Tí Kò Jáde Nílé

Màmá Adébímpé ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àìmọ̀ kò pa á lẹ́nu mọ́ rí. Ó fi ìdí ńlá rẹ̀ lé àga, àga ké, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wá tẹjú mọ́ ohun tí Sharon, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń kọ. Èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Rust ni. Ìdánwò iṣẹ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ ti lọ kí aago mẹ́rin tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bọ́. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù ní Ugborikoko, ẹ̀rọ sì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ Ẹja.

Ọ̀rọ̀ náà rú Màmá lójú. Ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sáàárín ẹja! Ó nawọ́ sí i: Ẹja rèé lókè níbí, orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ wà ńbẹ̀. Àbí ẹ̀rọ fọ́jú ni? Sharon ní òun pín ohun tí òun kọ sí iṣẹ́ kéékèèké fún ẹ̀rọ; inú iṣẹ́ àkọ́kọ́ lòun ti ṣàlàyé Ẹja, iṣẹ́ kejì ló ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

"Mama, e don tire me. I no understand am."

Wọ́n ṣì ń wo ara wọn bí ewúrẹ́ tó rí mọ́tò nígbà tí Elijah oníkẹ̀kẹ́ dé. Páálí ẹja yíyan tí Màmá fi rán an lọ sí Ovwian ló gbé padà. Fóònù ò lọ, ó sì ti bi gbogbo àdúgbò léèrè, kò sẹ́ni tó mọ Dúdúyẹmí.

"Dúdúyẹmí, ọkọ mi? Tí mo ti ń pè bẹ́ẹ̀ láti ogójì ọdún?"

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó kì í pe irú wọn lórúkọ. Ọjọ́ tí Màmá wọlé ọkọ ló ti sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí.

"Mama, na only inside this house dem sabi that name," ni Sharon wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló là á lójú: inú iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ti mọ Ẹja náà. Ó gé Ẹja kúrò nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó gbé e sókè pátápátá, síta gbogbo iṣẹ́, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Ẹ̀rọ gbà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi í ránṣẹ́.

Màmá ò tíì lóye. Ṣebí Ẹja yẹn náà ni, tí ẹnikẹ́ni ò yí lẹ́tà kan nínú rẹ̀? Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, Sharon ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì, Màmá rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó wá fa páálí mọ́ra, ó na báírò sí Sharon.

"Gbà, kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí i. Èmi ò lè pè é."

Sharon kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn páálí: Ọlámigòkè.