"Màmá" Nígbà Mọ́kànlá

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo jowú. Mo jowú! Kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?

Ọdún kẹta rèé tí mo gba Pẹ́ńpẹ́ tọ́ láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó mọ ìgbà tí inú ń bí mi, ó mọ ibi tí mo ń fi ìgò ojú mi sí ju èmi fúnra mi lọ, ṣùgbọ́n "Àǹtí" ló ń pè mí. Mo ti dọ́gbọ́n sí i títí, ó sú mi. Màá ní, "Wá bá màmá ẹ jẹun." Á ní, "Mò ń bọ̀, Àǹtí."

Aránṣọ ni mí, èmi ni mò ń rán aṣọ fáwọn tó ń ṣe fíìmù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù abanilẹ́rù kan, nípa ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ tó wá ń wá bó ṣe máa pa ìyá tó gbà á, olùdarí rí Pẹ́ńpẹ́ níbi tó ti ń ṣa bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Ó ní, "Ẹ wo ojú yìí! Ojú yìí á dẹ́rù ba ṣọ́jà." Mo fẹ́ yarí, àmọ́ Pẹ́ńpẹ́ ti wọ bàtà tán.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Nínú fíìmù yẹn, ọmọ tí Pẹ́ńpẹ́ ń ṣe á dúró lórí àtẹ̀gùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Màmá," á wá ti obìnrin náà ṣubú. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n yà á. Mọ́kànlá! "Màmá" tó dùn létí, sí òṣèré tí kò di irun fún Pẹ́ńpẹ́ rí, tí kò mọ̀ pé kì í jẹ ẹyin. Èmi dúró nísàlẹ̀, mò ń kà á.

Aṣọ àwọ̀sùn mẹ́ta tó bára mu ni mo rán fún òṣèré yẹn, torí tí ẹ̀jẹ̀ irọ́ bá ti ta sí ọ̀kan, a máa pààrọ̀ ẹ̀. Mo gbàgbé píìnì sí ìdí àkọ́kọ́. Àṣìṣe ni, mo búra. Èyí tí mo gbàgbé sí ìkejì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Òṣèré ṣubú jókòó, ó figbe ta. Olùdarí pàtẹ́wọ́: "Ìbẹ̀rù gidi nìyẹn!"

Nígbà tá à ń rìn lọ sílé, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Pẹ́ńpẹ́, ó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn láti pe ẹlòmíì ní màmá, àbí? Kí lèmi ṣe fún ẹ?"

Ó wò mí bíi pé èmi lọmọ. "Fíìmù nìyẹn, Àǹtí. Tiwọn máa parí lọ́la."

"Kí ló wá kan tèmi?"

"Obìnrin tó kọ́kọ́ gbà mí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti pè é ní Màmá. Ó dá mi padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pe ìkejì bẹ́ẹ̀, oṣù ò pé tóun náà fi dá mi padà." Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi rí. Ó gbé èjìká. "Ẹ̀yin ni mo pè ní Àǹtí, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká má yí i padà."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní Àǹtí náà dáa. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, a sọdá títì.